Láti Ewé dé Àwòrán Ewé: Ìtàn Ọ̀rá àti Ààtàn ní Agbègbè Tchaourou

Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ àwọ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní «vert», ewé fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́ka sí. Àwọ̀ ewé ni a ń wí. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ti ní ewé gidi lọ́kàn, èyí tí a já lórí igi, tí yóò rọ, tí yóò gbẹ, tí yóò sì padà di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọ̀ náà ti kúrò lára ewé, ó ti bọ́ sára ọ̀rá. Ọ̀rá ni, wọ́n pa á láwọ̀ ewé. Ike ọṣẹ ni, wọ́n ya ewé méjì sí i lára. Wọ́n sì kọ «écologique», «naturel» tàbí «biodégradable» sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn Faransé ń pe àṣà yìí ní «écoblanchiment». Àwa yóò pè é ní fífi àwọ̀ ewé tan ni.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀tàn náà ní ìtàn, ìtàn rẹ̀ sì gùn ju ti ọ̀rá tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí lọ. Nígbà gbogbo tí aráyé bá bi àwọn tí ń ṣe ọjà léèrè pé, «Níbo ni ohun tí ẹ ṣe yìí yóò parí sí?», ọ̀rọ̀ orí ọjà ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀, wọn kì í pààrọ̀ ọjà náà. Ní agbègbè Tchaourou, ibi tí ẹrù náà ń já sí ni ààtàn ẹ̀hìnkùlé wa.

Nígbà tí ààtàn jẹ́ ọrọ̀

Ààtàn kì í ṣe ibi ìdọ̀tí lásán lójú àwọn tí ó ṣáájú wa. Ní àwọn abúlé Ṣábẹ̀ẹ́, àti lọ́dọ̀ àwọn Bàrìbá tí a jọ ń gbé, ìtòsí ilé ni ó máa ń wà. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, háríhá àgbàdo, eérú inú àrò, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìyẹ, ewé tí a tú kúrò lára ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ ni a ń dà síbẹ̀. Òjò a rọ̀ sí i, oòrùn a pa á, kòkòrò a jẹ ẹ́. Bí ọdún bá yí po, ilẹ̀ dúdú ni a óò bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ìyá wa a bù ú sí ìdí ata àti ilá. Elégédé a hù lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Bí ìdílé kan bá ṣí kúrò níbùgbé rẹ̀, àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ a lọ fi orí ààtàn àtijọ́ náà ṣe oko ẹ̀fọ́, nítorí ó mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti sanra.

Irú ètò kan náà wà láàárín àgbẹ̀ àti àwọn Fúlàní darandaran. Lẹ́yìn ìkórè, màlúù a wọ inú oko, a jẹ pòròpórò àgbàdo àti ti ọkà bàbà, a sì fi ìgbẹ́ san án padà fún ilẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìyókù lọ́dọ̀ ẹnì kan ni ó ń di oúnjẹ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí ó ń jáde láti inú ilé lọ sí ààtàn tí ilẹ̀ kò lè jẹ. Ewé ni a fi ń di ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀. Igbá àti agbọ̀n ni a fi ń lọ sọ́jà. Kànhìnkànhìn ni a fi ń wẹ̀, orín ni a fi ń fọ eyín. Wàrà líle tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe, èyí tí gbogbo Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí wagasi, èèpo ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di pupa, inú igbá ni wọ́n sì ń gbé e sí wá fún oníbàárà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ nìkan ni ó ń mú wa sọ̀rọ̀. Ẹ wo igi tíìkì. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Láti Éṣíà ni ó ti wá, ìjọba amúnisìn ni ó sì gbìn ín káàkiri Dahomey. Síbẹ̀, àwọn tí ń ta oúnjẹ gba ewé rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ń fi í di oúnjẹ, kò sì sí ààtàn tí ó kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí a ń sọ kì í ṣe ti ohun ìbílẹ̀ àti ohun àjòjì. Ìyàtọ̀ ohun tí ilẹ̀ mọ̀ ọ́n jẹ àti ohun tí ilẹ̀ kò mọ̀ ọ́n jẹ ni.

Bí ọ̀rá ṣe dé

Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ Celloplast ní orílẹ̀-èdè Sweden gba ìwé-àṣẹ lórí àpò ọ̀rá tí ó ní ibi tí a ń fi ọwọ́ gbé e, èyí tí Sten Gustaf Thulin gbé kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí ó wà lọ́kàn bàbá òun ni pé kí àwọn ènìyàn dẹ́kun gígé igi nítorí àpò bébà, kí wọ́n sì máa lo ọ̀rá kan náà léraléra. Ẹ kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ti rí: orúkọ olùgbàlà igi ni ọ̀rá kọ́kọ́ fi wọ ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọlọ́jà lè fi í ta oníbàárà lọ́rẹ, ta ni yóò tún fọ̀ ọ́ pamọ́ de ọjọ́ kejì? Ohun tí a ṣe kí a lè lò ó pẹ́ di ohun tí a ń lò ní wákàtí kan, tí a sì ń sọ nù.

Láti inú epo rọ̀bì àti gáàsì ilẹ̀ ni a ti ń ṣe ọ̀rá yìí. Èròjà rẹ̀ so mọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó le, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ kò lè já ní àkókò tí ọmọ ènìyàn lè dúró dè. Ó lè ya, ó lè gé kéékèèké, ó lè parẹ́ mọ́ wa lójú, síbẹ̀ èérún rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ní Tchaourou, ọ̀nà ni ó gbé e wá. Ọ̀nà ojú-irin tí ó gba ìlú wa kọjá dé Parakou ní àwọn ọdún 1930, títì ńlá tí ó bá a rìn, àti ààlà Nàìjíríà tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa, gbogbo wọn ni ó sọ wá di ibi tí ọjà ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Àwa fúnra wa sì ń pọ̀ sí i. Ètò ìkànìyàn ọdún 2002 ka nǹkan bí 107,000 ènìyàn ní kọ́múùnù Tchaourou. Ti ọdún 2013 ka nǹkan bí 223,000. Láàárín ọdún 11 péré, iye wa ti ju ìlọ́po méjì lọ. Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, tí ọ̀nà oko ń jìn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń ṣòro í rí, tí ọ̀rá sì ń pọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà: ọ̀rá omi, ọ̀rá ẹ̀wà, ọ̀rá ẹ̀kọ gbígbóná, ọ̀rá ìyẹ̀fun ọṣẹ tí a ń tà ní ẹyọ fún ẹni tí kò lówó ńlá lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà ni ààtàn ti yí padà. Ọ̀rá dì mọ́ èèpo iṣu. Níbi tí ó bá tẹ́ sí, omi òjò kò lè wọlẹ̀ dáadáa mọ́, gbòǹgbò ọ̀gbìn kò sì rí ọ̀nà. Ewúrẹ́ àti màlúù tí ń wá oúnjẹ inú rẹ̀ a gbé e mì, a kóra jọ sí wọn nínú, wọn a máa rù títí wọn yóò fi kú. Àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe a dáná sun ún, àwọn ọmọdé a sì máa mí èéfín olóró náà sínú. Àgbẹ̀ tí ó ń kó ilẹ̀ ààtàn lọ sí oko tẹ́lẹ̀ ti dáwọ́ dúró, nítorí bí ó bá kó o, ọ̀rá ni yóò máa gbìn.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí ẹ̀hìnkùlé. Odò Okpara, tí a sé ní Kpassa ní kọ́múùnù wa yìí, ni a ti ń fa omi fún àwọn ará Parakou. Odò Ouémé ń gba Bétérou kọjá lọ sí gúúsù. Ohun tí a bá dà sílẹ̀ níhìn-ín, àgbàrá lè gbé e lọ bá ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Báyìí ni ààtàn tí ó jẹ́ ọrọ̀ ṣe di ẹrù.

Ọgbọ́n pípààrọ̀ ọ̀rọ̀

Bí a bá fẹ́ mọ bí àwòrán ewé ṣe dé ara ọ̀rá, ó di dandan kí a kọjá sí òkèèrè fún ìgbà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ dá ọgbọ́n náà.

Ní ọdún 1953, ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà fi òfin de ìgò tí a kì í dá padà fún ẹni tí ó tà á. Ní ọdún kan náà gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe agolo, ìgò àti ohun mímu kó ara wọn jọ, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Keep America Beautiful. Òfin Vermont kò pé ọdún márùn-ún kí ó tó kú. Ẹgbẹ́ náà wà dòní olónìí. Ní ọdún 1971, ó gbé ìpolówó kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n: ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà rí ìdọ̀tí lẹ́bàá ọ̀nà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìpolówó náà fi sílẹ̀ ni pé ẹni tí ó ju ìdọ̀tí sílẹ̀ ni ó jẹ̀bi. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nípa ẹni tí ó ṣe ìgò tí kò gbà á padà. Òṣèré inú rẹ̀, Iron Eyes Cody, ọmọ àwọn ará Ítálì ni ní tòótọ́. Àwọn àgbà ti wí i pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ní ọdún 1988, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe pílásítíìkì ní Amẹ́ríkà gbé àmì mìíràn jáde: nọ́ńbà 1 dé 7, tí ọfà mẹ́ta yí ká. Nọ́ńbà náà ń sọ irú pílásítíìkì tí ohun èlò jẹ́, kò sọ pé ẹnikẹ́ni yóò tún un lò. Ṣùgbọ́n ọfà náà jọ àmì àtúnlò tí Gary Anderson yà ní ọdún 1970, ẹni tí ó bá sì rí i a rò pé ohun tí ó rà yóò padà di ohun tuntun. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́? Roland Geyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017. Títí di ọdún 2015, aráyé ti ṣe 8.3 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù pílásítíìkì. Nínú èyí tí ó ti di ìdọ̀tí, ìdá 9 nínú 100 péré ni a tún lò. A dáná sun ìdá 12. Ìdá 79 yòókù wà lórí ààtàn tàbí káàkiri inú ayé.

Apá ọ̀dọ̀ wa náà ti fojú winá ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró ti Ítálì wọ èbúté Koko ní Nàìjíríà, pẹ̀lú ìwé tí ó ń pè wọ́n ní ohun ìkọ́lé. Ní ọdún 1988 kan náà, ìròyìn tàn káyé pé wọ́n fẹ́ san dọ́là 2.50 péré lórí tọ́ọ̀nù kan fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kí ó lè gba ìdọ̀tí olóró láti òkèèrè. Àwọn tí ó kọ Òfin Ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 kò gbàgbé. Abala 27 sọ pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni láti gbé ní àyíká tí ó mọ́ tí ó sì dára, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti dáàbò bò ó. Abala 29 sọ pé kíkó ìdọ̀tí olóró ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé, àti àdéhùn èyíkéyìí lórí rẹ̀, jẹ́ ọ̀daràn sí orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ Koko rọrùn láti rántí: ìwé tí ó wà lórí ẹrù kì í ṣe ẹrù náà.

Òfin ọdún 2017 àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, orílẹ̀-èdè wa gbé òfin nọ́ńbà 2017-39 jáde. Ó de ṣíṣe ọ̀rá, kíkó o wọlé, kíkó o jáde, títà á, níní in lọ́wọ́, pínpín in àti lílò ó. Òfin ńlá ni, a kò sì bu iyì rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka àkọlé rẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ni ó dè. Ọ̀rá «non biodégradables» ni, èyí ni pé, ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lè kọ «biodégradable» sára ọ̀rá rẹ̀ ti rí ọ̀nà gbà, ta sì ni ó ní ohun èlò láti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjà?

Oríṣiríṣi nǹkan ni ó sì ń jẹ́ orúkọ kan náà yìí. Èkíní ni ọ̀rá lásán tí wọ́n fi oògùn díẹ̀ sí, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè tètè gé e wẹ́wẹ́. Àwọn Faransé ń pè é ní «oxodégradable». Kò jẹrà: ó fọ́ ni, èérún rẹ̀ sì wọ ilẹ̀. Èkejì ni èyí tí a fi àgbàdo tàbí ohun ọ̀gbìn mìíràn ṣe. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n ìlànà EN 13432 ti àwọn ará Yúróòpù, tí a fi ń dán an wò, ń ṣírò rẹ̀ lórí ilé-iṣẹ́ tí ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀, níbi tí ooru ti ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 60 fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ààtàn ẹ̀hìnkùlé kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí.

Imogen Napper àti Richard Thompson, ní Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu gba nǹkan. Wọ́n ri oríṣi ọ̀rá mọ́lẹ̀, wọ́n rì wọ́n sínú òkun, wọ́n sì fi wọ́n sí ìta gbangba. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2019. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, ọ̀rá tí a kọ «biodégradable» sí ṣì lágbára débi pé ó lè gbé ẹrù ọjà. Àwọn tí ó wà ní ìta gbangba ti gé wẹ́wẹ́ kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé.

Nítorí irú ẹ̀rí báyìí, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin ní ọdún 2019 láti de pílásítíìkì «oxodégradable», ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2021. Ilẹ̀ Faransé tún lọ síwájú. Òfin rẹ̀ ti ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2020 kà á léèwọ̀ láti kọ «biodégradable» tàbí «respectueux de l'environnement» sára ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi méjèèjì wé ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí ilẹ̀ Faransé kà sí ẹ̀tàn ni òfin tiwa fi ṣe ìwé ìrìnnà. Kì í ṣe pé àwọn aṣòfin wa fẹ́ ibi. Ọ̀rọ̀ náà ni a gbà láìbi í léèrè pé: kí ni yóò jẹ ọ́, níbo, àti fún ọjọ́ mélòó?

Ohun tí ó kù lọ́wọ́ wa

A kò ní sọ pé kí gbogbo ènìyàn padà sí ewé lọ́la. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń rìn jìnnà láti já a, igbó tí a sì lè já a nínú rẹ̀ ń dín kù. Igbó ọba Tchaourou-Toui-Kilibo kò lè gba gbogbo ọ̀bẹ wa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ewé dáhùn ni kí a máa bi gbogbo ohun tí ó wọ ilé wa. Bí ẹni tí ó tà á bá lè gbà á padà, bí ìgò ọtí bíà tí a ń dá padà fún ọlọ́tí, ó dára. Bí ilẹ̀ tiwa gan-an bá lè jẹ ẹ́, ó dára. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, àwòrán ewé tí ó wà lára rẹ̀ kò tún nǹkan kan ṣe.

Nínú ilé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí a ya ààtàn sí méjì: èèpo, eérú àti ewé sí apá kan; ọ̀rá, ike àti irin sí apá kejì. Apá kìíní yóò tún di ilẹ̀ dúdú bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀. Èyí kì í ṣe àlá. Ilé-iṣẹ́ Songhaï, tí Àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Porto-Novo ní ọdún 1985, tí ó sì ní ẹ̀ka ní Parakou nítòsí wa, ti ń fi hàn láti ìgbà náà pé ìdọ̀tí oko àti ti ẹran ọ̀sìn lè di ajílẹ̀ àti gáàsì ìdáná. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ẹ̀hìnkùlé ni, ìmọ̀ tuntun ni a fi kún un.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ tiwa náà láìdán an wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ ri ewé tíìkì kan, bébà kan, ọ̀rá lásán kan àti ọ̀rá tí a kọ «biodégradable» sí mọ́lẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹ hú wọn jáde, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí. Èyí náà jẹ́ ìtàn, ẹ̀yin ni ẹ óò sì kọ ọ́.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, ohun tí ó yẹ kí a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin àti kọ́múùnù kò ju pé kí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sínú òfin: kí a má pe ohunkóhun ní ajẹrà bí kò bá jẹrà nínú ilẹ̀ tiwa, lábẹ́ òjò àti oòrùn tiwa, láàárín àkókò tí a dá. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà náà ti kún fún àwọ̀ ewé. Ó kù sí ọwọ́ àwa tí a mọ ewé láti máa yẹ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ wò.